Ìyá Àgbẹ̀bí Ń Dáhùn: Yàrá Tí Ọmọ Tuntun Yóò Bọ́ Sí

Lẹ́tà mẹ́rin nínú àwọn tí ó wọlé sí wa lóṣù yìí ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: oyún ti wọ oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ilé kí ọmọ tó dé? Mo mọ̀ pé ibi ọ̀dà ara ògiri àti ibùsùn ọmọ ni ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ, kò sì burú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń gbẹ̀bí, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, tí ó ti wà nínú ilé tipẹ́, ni mo máa ń rí i pé ó ń ṣe ọmọ tuntun ní jàǹbá. Òun ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ wò.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àgbẹ̀bí. Oyún mi àkọ́kọ́ nìyí, ó ti pé ọ̀sẹ̀ 31. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màmá ọkọ mi gbé àpótí kan wá fún wa láti Ìsẹ́yìn. Aṣọ tí wọ́n fi tọ́ ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló kún inú rẹ̀: fìlà, ìbọ̀sẹ̀, ṣáálì, àti aṣọ òkè kékeré kan tí wọ́n fi pọn wọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Inú mi dùn gan-an, ṣùgbọ́n káńfọ̀ ni wọ́n tò sáàárín gbogbo rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti gba yàrá kan. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún wa níbi ìtọ́jú aláboyún pé káńfọ̀ kò dára fún ọmọ. Màmá ní káńfọ̀ yìí náà làwọn fi tọ́ ọmọ márùn-ún, kò sì sí èyí tí nǹkan kan ṣe. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi pé n kò ní lo ẹrù tí wọ́n fi ìfẹ́ tọ́jú láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn? — Olóyún, Ìbàdàn.*

Nọ́ọ̀sì yẹn sọ òótọ́, ìyá ọkọ yín náà kò sì purọ́. Bí òótọ́ méjèèjì ṣe lè dúró pọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí pé bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá láìsí ìjà.

Kóró funfun roboto tí à ń rà lọ́jà ní orúkọ káńfọ̀, kẹ́míkà tí ń jẹ́ naphthalene ni wọ́n fi ṣe é. Kì í yọ́ bí ọṣẹ. Ṣe ni ó máa ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń tò ó sáàárín aṣọ lónìí, tí a ó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí a ó rí i pé ó ti kéré, tàbí tí a kò ní rí i mọ́ rárá. Ibi tí ó lọ ni inú òwú aṣọ náà àti inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Bí a bá wá wọ aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tuntun, yóò gba imú wọlé, yóò sì gba awọ ara wọlé, nítorí pé awọ ọmọ ṣì fẹ́lẹ́, pàápàá bí a bá ti fi òróró pa á lára lẹ́yìn ìwẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa.

Àwọn ènìyàn kan wà tí èròjà kan tí ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èròjà yìí ni ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kí nǹkan má tètè fọ́ ọ. Ṣe ni a ń jogún àìtó rẹ̀. Kì í ṣe àrùn tí ènìyàn ń kó. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá náà sì lè dàgbà di arúgbó kí ó má mọ̀ pé òun gbé e sára. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa púpọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fi ojú bù ú pé nínú ọmọkùnrin márùn-ún ní Nàìjíríà, ọ̀kan lè ní in. Bí káńfọ̀ bá kan ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí a ń pè ní bilirubin ni ó máa ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tí ó fọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì gbó débi tí yóò fi lè tètè gbá a dànù. Ojú á pọ́n, ara á pọ́n, ìyẹn ibà pọ́njú. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ. Ó ń pa ọmọ. Èyí tí kò bá sì pa, ó lè sọ ọ́ di adití, ó sì lè mú kí ọrùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣe é lò bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, àwọn ọmọ márùn-ún tí màmá tọ́ lè jẹ́ àwọn tí G6PD wọn tó. Ṣùgbọ́n ìyàwó mìíràn ti wọ inú ẹbí báyìí, ẹ̀jẹ̀ mìíràn ti darapọ̀ mọ́ tiwọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ irú èyí tí ọmọ inú yín gbé wá.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá bá wa ní ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ kò tíì tú ṣáálì tí wọ́n fi wé e tí òórùn káńfọ̀ fi dé imú mi lórí àga tí mo jókòó sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibi tí mo tẹ̀ náà sì pọ́n bí èso ìyeyè tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ó ti ń kọ ọmú láti òru, igbe rẹ̀ sì ti yí padà, ó ń dún fín-ín-fín-ín. Láti ọjọ́ kẹta ni wọ́n ti rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n omi glúkóòsì ni wọ́n ń fún un, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sí oòrùn àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó yè. Kò gbọ́ràn títí di òní. Ìyá àgbà tí ó tọ́jú ṣáálì náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí. Èmi ò lè dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo aláboyún tí mo bá pàdé.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Ẹ gbé àpótí náà kúrò nínú yàrá lónìí. Ẹ ṣa gbogbo káńfọ̀ tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì kó o dànù síbi tí ọmọdé kò ti ní rí i mú, nítorí pé ó jọ súìtì lójú wọn. Bí òmíràn bá wà nínú wọ́dúróòbù, nínú ilé ìwẹ̀ tàbí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ mú òun náà kúrò. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ àwọn aṣọ náà, kí ẹ ṣàn wọ́n, kí ẹ tún wọn fọ̀, kí ẹ sì sá wọn sí oòrùn àti afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ gbé e sí imú. Èyí tí ó bá ṣì ń rùn, bó ti wù kí ó kéré mọ, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ fún ọmọ. Oṣù méjì tó kù fún yín yìí ni àsìkò tó dára jù láti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé bí ọmọ bá ti dé, ẹ kò ní rí ààyè.

Kí ẹ sì lọ gbogbo aṣọ ọmọ, títí kan nápíìnnì, ní ojú méjèèjì kí ẹ tó tò ó pamọ́. Eṣinṣin kan wà tí ó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tí a sá síta tí kò tíì gbẹ. Bí ẹyin náà bá pa sí ara ọmọ, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ, á sì wú bí eéwo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni ó ń pa á. Inú ike onídérí tí ó ṣe é dé dáadáa tàbí inú ọ̀rá tí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin ni kí ẹ wá kó aṣọ tí ẹ ti lọ̀ sí. Aáyán kò ní wọ ibẹ̀, ẹ kò sì nílò káńfọ̀ kankan.

Ní ti màmá, ẹ má ṣe dá nìkan sọ ọ́. Ọkọ yín ni kí ó sọ fún ìyá rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọpẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú màmá dání lọ sí ibi ìtọ́jú aláboyún tí ó kàn, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Àwọn ìyá àgbà tí mo ti bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kì í bínú tí wọ́n bá gbọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń lọ kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò. Ẹ fi aṣọ òkè yẹn lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín sá a sí oòrùn títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá bímọ, ẹ máa wo funfun ojú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Bí ojú bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí pípọ́n náà bá dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí bí ọmọ kò bá fẹ́ mu ọmú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe fi ìpara tàbí páúdà olóòórùn mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa á lára, kí ẹ má sì fún un ní omi glúkóòsì tàbí àgbo. Wọn kò wo ibà pọ́njú sàn. Àkókò ni wọ́n ń fi ṣòfò.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ìyàwó mi bímọ. Mo fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́ ara ògiri yàrá wa kúrò, kí n sì fi ọ̀dà olóròóró kùn ún kí ó lè ṣeé nù. Iná kì í sábà sí ní àdúgbò wa lálẹ́, nítorí náà mo fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ wa kékeré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kí fáànù lè máa fẹ́ sí ọmọ, kí olè má sì gbé e lọ. Ẹ̀fọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀tápiápiá ni a ń fín. Ǹjẹ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí dára? — Bàbá Ìkókó, Ìkòròdú.*

Bàbá Ìkókó, ẹ ṣeun tí ẹ ń ro ti ìyá àti ọmọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nínú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ tó dára nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó ń sùn yóò sì máa sùn lọ títí tí kò ní jí mọ́. Ọmọ inú oyún ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ búburú yìí máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti ìyá lọ. Ara ìyá lè ti balẹ̀ nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ ṣì wà nínú ewu. Fèrèsé tí ẹ ṣí sílẹ̀ kò tó láti gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ìta gbangba ni ààyè jẹnẹrétọ̀, kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tiyín àti ti aládùúgbò. Ẹ pe wẹ́dà kí ó bá yín ṣe àgò onírin, kí ẹ fi ṣéènì àti àgádágodo dè é mọ́lẹ̀. Bí owó yẹn bá sì lè ra fáànù tí a ń ṣáájì, mo rò pé òun ló dára jù fún yàrá ọmọ, torí kò ní èéfín, kò sì ní ariwo. Ohun tí mo sọ nípa jẹnẹrétọ̀ yìí kan àdògán eléèédú tí àwọn kan máa ń gbé wọ yàrá ìyá ọlọ́mọ nítorí òtútù.

Ní ti ọ̀dà, ọ̀dà olómi ni kí ẹ lò nínú yàrá, nítorí pé òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ tó ti olóròóró. Ẹ kùn ún ní ọ̀sẹ̀ yìí tàbí èyí tó ń bọ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ìyàwó yín sì sùn síbòmíràn títí òórùn yóò fi tán. Ẹ má ṣe ha ọ̀dà àtijọ́ ní gbígbẹ, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Kí ẹ kùn ún mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló sàn.

Ọ̀tápiápiá kò yẹ ní yàrá tí aboyún ń sùn. Kẹ́míkà dichlorvos tó máa ń wà nínú rẹ̀ le débi pé ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títà rẹ̀ nínú ìgò kéékèèké. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni ẹ lò, èyí tí wọ́n sábà máa ń fún aboyún lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìtọ́jú. Bí ẹ bá ti tú u nínú ọ̀rá, ẹ nà án sí ibòji fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó so ó, kí ó má bàa máa ta yín lára. Ẹ rí i dájú pẹ̀lú pé ìyàwó yín ń lo oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún níbi ìtọ́jú, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bímọ, kí oṣù kan sì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

*Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, oyún mi sì ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Mo ti ra ibùsùn ọmọ, mo sì fẹ́ gbé e sí yàrá kékeré tí a kò lò. Màmá mi tí ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta láti wá bá mi tọ́mọ ní kí ọmọ sùn ti èmi lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n sì ra ìrọ̀rí kékeré tí kò ní jẹ́ kí orí rẹ̀ rí pẹlẹbẹ. — Ìyá Ìkókó, Lọ́ńdọ̀nù.*

Màmá gba ibi kan, ẹ̀yin náà sì gba ibi kan. Ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ dá nìkan sùn ní yàrá ọ̀tọ̀; ìmọ̀ràn NHS, ètò ìlera ìjọba níbi tí ẹ wà, ni pé kí ó wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú yín fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n orí ibùsùn tirẹ̀ ni kí ó sùn, kí ẹ gbé e sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì yín débi tí ọwọ́ yín yóò fi tó o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa fi lélẹ̀ nígbà gbogbo, lórí fóòmù tí ó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí bèbí onírun tàbí kúbùsù tí ó lè bò ó nímú. Orí tó rí pẹlẹbẹ díẹ̀ sábà máa ń padà bọ̀ sípò; ẹ máa dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí àyà yín tàbí lórí ẹní nígbà tí ó bá lajú, tí ẹ sì ń wò ó. Ẹ má sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù òtútù mú kí ẹ wé e jù, nítorí pé ooru àpọ̀jù náà léwu. Ìwọ̀n 16 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni yàrá náà yẹ kí ó wà.

*Ìyá Àgbẹ̀bí, mo kí yín. Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé. Nígbà tiwa, a kì í ra ẹrù ọmọ tí a kò tíì rí sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tí oyún rẹ̀ jẹ́ oṣù mẹ́jọ, ti ra gbogbo nǹkan tán, ẹ̀rù sì ń bà mí. — Ìyá Àgbà, Òṣogbo.*

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá: àwọn ìyá wa rí ikú ọmọ tuntun tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ẹrù wà nílẹ̀ tí ọmọ kò sí. N kò ní fi ojú kékeré wo ohun tí wọ́n rí. Bí ọkàn yín kò bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ àti aṣọ olówó ńlá nínú ilé, ẹ bá a kó wọn pamọ́ sọ́dọ̀ yín títí a ó fi gbóhùn ìyá, tí a ó sì gbóhùn ọmọ. Ohun tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni èyí tí ó ń dáàbò bo ẹ̀mí.

Ẹ rí i pé ó ní owó lọ́wọ́, pé ó mọ awakọ̀ kan tí yóò gbé ìpè ní agogo méjì òru, tí òmíràn sì wà bí ti àkọ́kọ́ kò bá gbé e, àti pé ènìyàn kan tàbí méjì nínú ẹbí ti múra láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Kí gbogbo ilé mọ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀, bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, bí gìrì bá gbé e, bí omi bá ya, tàbí bí ọmọ kò bá yí nínú bó ṣe máa ń yí, wọn kò gbọdọ̀ dúró di àárọ̀.

Àpò ìbímọ ni mo fẹ́ kí ẹ bá a dì fúnra yín. Ìró méjì tí ó mọ́, páàdì, ọṣẹ, táwẹ̀lì méjì fún ọmọ kí wọ́n lè fi ọ̀kan nù ún gbẹ kí wọ́n sì fi èkejì bò ó láyà ìyá rẹ̀, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, nápíìnnì, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí a ń fi tọ́jú ìwọ́ ọmọ kún un. Òun ni ẹ ó fi sí ìwọ́ dípò ìpara eyín, iyọ̀ tàbí ewé. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ síbi kan náà pẹ̀lú oògùn ojú, nítorí pé bí ó bá kán sí ọmọ lójú, ó lè fọ́ ọ lójú. Ẹ kò nílò fídà, ẹ kò sì nílò omi glúkóòsì. Ọmú ìyá láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i, títí kan omi ọmú àkọ́kọ́ tó máa ń ki tí ó sì máa ń pọ́n díẹ̀, ni oúnjẹ rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ 36, ẹ jẹ́ kí àpò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kí káàdì ìtọ́jú aboyún wà lókè pátápátá, kí ẹni tó bá jí lóru lè fọwọ́ kàn án kódà bí wọ́n bá ti mú iná lọ.